Ta Ló Lọ Pàdé Samba Diallo?

Láti ọdún 1961 tí L'Aventure ambiguë ti jáde ní Páárì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa ti ń kà á. Cheikh Hamidou Kane, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl tí òun fúnra rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ní Páárì, ló kọ ọ́. Ìwé náà sì gba Grand Prix littéraire d'Afrique noire ní 1962. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó kà á ni pé ilé-ìwé Faransé ló pa Samba Diallo. A kò jiyàn rẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ìwé náà sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ ilé-kéwú ni Samba Diallo lọ́dọ̀ àlùfáà Thierno, ẹni tó fẹ́ kí ó jogún ipò òun. La Grande Royale, ẹ̀gbọ́n olórí àwọn Diallobé lóbìnrin, ló pe ìlú jọ, tó ní kí wọ́n fi àwọn ọmọ sílé-ìwé àjèjì, kí wọ́n lè kọ́ ọgbọ́n tí àjèjì fi borí wọn. Báyìí ni Samba Diallo ṣe dé Páárì, tó ń kọ́ fílọ́sọ́fì. Bí ìmọ̀ ti ń kún un, bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ ń jìnnà sí i, títí baba rẹ̀ fi kọ̀wé pè é wálé.

Yorùbá ní ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Bí a bá wá délé, tí a kò bá ẹni tí a ó ròyìn oko fún ńkọ́? Nígbà tí Samba Diallo padà dé, Thierno ti kú. Ẹni tó fà mọ́ ọn ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní wèrè. Òun náà ti lọ sílẹ̀ Yúróòpù rí, ohun tó rí níbẹ̀ sì da orí rẹ̀ rú. Thierno ló máa ń tẹ́tí sí i. Ọkùnrin yìí rọ Samba Diallo kí ó kírun lójú oórì àlùfáà. Èyí kò kírun. Wèrè sì pa á. Àwọn méjì tó ti òkè òkun dé ló kọlu ara wọn yìí, nígbà tí ẹni tó lè gbọ́ wọn ti lọ.

Ẹni tí a kì í sábà dárúkọ nínú ìwé náà ni Demba. Òun ló gba ipò Thierno. Ó yí àkókò ilé-kéwú padà, kí ọmọ tó bá ń kéwú lè rí àyè lọ sí ilé-ìwé Faransé pẹ̀lú. Ẹrù tí wọ́n dì ru Samba Diallo nìkan, Demba ṣètò bí gbogbo ilé yóò ṣe gbé e.

Síbẹ̀, ìwé náà ní àbùkù. Àríyànjiyàn ló pọ̀ jù nínú Páárì rẹ̀: pẹ̀lú Lucienne, pẹ̀lú Pierre-Louis àgbà amòfin. Owó ilé, òtútù àti oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀. Camara Laye mọ iyì irú nǹkan bẹ́ẹ̀: àwòrán ọ̀nà métro tó wà lápò ọmọ náà ló fi parí L'Enfant noir ní 1953. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ láti Kétu tàbí Àjàṣẹ́ lónìí mọ̀ ọ́n dáadáa. Kí ó tó gba físà Faransé, 615 yúrò lóṣooṣù ni wọ́n ti ń ní kó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Ní 2019, ìjọba Faransé gbé owó ìforúkọsílẹ̀ lísáǹsì sókè sí 2 770 yúrò fún ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ló yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹbí tó dáwó yìí jọ kì í sábà béèrè ju ìwé ẹ̀rí lọ.

Nítorí náà ni a ṣe rọ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa kí wọ́n ka ìwé yìí kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí àwọn òbí náà sì gbọ́ ìtàn rẹ̀. Bí ọmọ bá délé ní ìsinmi, kí a tó bi í léèrè ìwé ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kí a bi í ní èdè wa pé: kí lojú rẹ rí? Kí a sì jókòó gbọ́ ọ parí.