Kòtò Tí Afẹ́fẹ́ Kò Gbọdọ̀ Mọ̀

Bàbá Tíṣà bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àgbàdo gígé tó wà lórí tapólì. Wọ́n fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, wọn kò sì tú u sílẹ̀ títí mo fi ka ení dé ogún nínú ara mi. Nígbà tí wọ́n la ọwọ́, omi kankan kò kán. Àtẹ́lẹwọ́ wọn kàn ń dán ni. Ohun tí wọ́n fún dúró gbagidi bí òkèlè fún ìgbà díẹ̀, ó wá ń tú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Ó ti ṣe é pa mọ́," ni wọ́n wí. Ká ní omi kán ni, wọn ì bá sá a sóòrùn fún wákàtí mélòó kan sí i. Ká ní ó fọ́n ká lẹ́ẹ̀kan náà ni, ó ti gbẹ jù nìyẹn, kò sì ní ṣe é kì.

Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kọkànlá ni. Òjò àrọ̀kúrò ti ń palẹ̀ mọ́ ní Adó-Èkìtì. Láìpẹ́, ọyẹ́ á dé, koríko á gbẹ, eèsún etí odò á sì le bí igi. Màlúù mọ́kànlá ló wà ní oko Bàbá Tíṣà, lójú ọ̀nà Ìlawẹ̀, àti ewúrẹ́ díẹ̀. Òfin tí ìjọba Èkìtì ṣe ní 2016 kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa da ẹran jẹ̀ níbi tó bá wù ú. Ohun tí àwọn màlúù náà máa jẹ títí òjò oṣù kẹta fi máa rọ̀, inú kòtò kan tí wọ́n gbẹ́ ni wọ́n máa kó o sí lónìí.

Sáílẹ́èjì ni àwọn onímọ̀ ohun ọ̀sìn ń pè é. Àwọn gende tó ń ṣiṣẹ́ ní oko yìí ń pè é ní ògì màlúù, orúkọ náà sì bá a mu. Ẹni tó bá ti rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, tó lọ̀ ọ́, tó sẹ́ ẹ, tó sì jẹ́ kó kan, ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Lactobacillus plantarum, ọ̀kan lára àwọn kòkòrò àìfojúrí tí àwọn olùwádìí ń bá nínú ògì, ni wọ́n ń bá nínú kòtò bẹ́ẹ̀ náà. Ó ń jẹ ṣúgà inú àgbàdo, ó ń sọ ọ́ di kíkan, kíkan náà ni kì í sì jẹ́ kó rà. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ bá a pàdé: afẹ́fẹ́. Nínú ìkòkò ògì, omi tó bo àgbàdo ló ń lé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Nínú kòtò, kò sí omi. Ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ọ̀rá ni yóò ṣe iṣẹ́ omi.

Kì í ṣe ọgbọ́n àná. Ní 1877 ni Auguste Goffart, àgbẹ̀ ará Faransé, tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe ń fi àgbàdo tútù pa mọ́ fún ẹran. Ní 1945, Artturi Virtanen, ará Finland, gba Ẹ̀bùn Nobel, ọ̀nà tó là sílẹ̀ fún pípa oúnjẹ ẹran mọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ fún un. Àmọ́ ìwé kọ́ ni mo rí lọ́wọ́ Bàbá Tíṣà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọkọ́ ni, àti ìgò omi kan.

Ibi tí ilẹ̀ ti dagun díẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ kòtò sí, kí àgbàrá má bàa ya wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ni gígùn rẹ̀, 6 ni ìbú, 5 ni jíjìn. Ògiri rẹ̀ kò dúró ṣánṣán. Ó fẹ̀ lẹ́nu, ó sì ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí àgbàdo bá ṣe ń wúwo sí i ni yóò máa fún ara rẹ̀ mọ́ ògiri. Kò sì ní igun. Ibi tó yẹ kí igun wà, wọ́n fi àdá ha á kúrò, wọ́n fi amọ̀ ọ̀gán tútù rẹ́ ẹ, ó wá yípo bí inú agbada. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ibẹ̀, wọ́n yí gìgísẹ̀ síwá sẹ́yìn. "Ibi tí ẹsẹ̀ mi ò bá dé," ni wọ́n wí, "afẹ́fẹ́ á dé ibẹ̀."

Láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni àdá ti ń dún nínú oko àgbàdo. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni Bàbá Tíṣà ti mọ̀ pé ọjọ́ náà ni. Wọ́n ya ọmọ àgbàdo kan lára igi, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí méjì láàárín, wọ́n sì fi ojú ibi tó ṣẹ́ hàn mí. Lára hóró kọ̀ọ̀kan, ìlà tín-ín-rín kan wà: òkè ìlà náà ti pọ́n, ó ti le, ìsàlẹ̀ rẹ̀, níhà ọ̀dọ̀ ṣùkù, ṣì ní omi funfun. Orí hóró ni ìlà yẹn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì máa sọ̀ kalẹ̀. Bó bá dé ìdajì ọ̀nà, ó tó gé. Àwọn gende ń gé igi àgbàdo ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sókè ilẹ̀, nítorí ìdí rẹ̀ ni erùpẹ̀ máa ń ta sí, erùpẹ̀ sì máa ń ba kíkan jẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń lo bẹtiróòlù ló ń gé e wẹ́wẹ́: ewé, igi, ọmọ, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Gígùn ohun tó ń tu jáde kò ju ti ìka láti èékánná dé oríkèé àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, Bàbá Tíṣà ṣa ewé kan lára ohun tó ń bọ̀, wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọ́n sì pa ẹ̀rọ. Ẹ̀gbẹ́ ewé náà ti ya jágajàga, kò gé. Wọ́n tú abẹ ẹ̀rọ, wọ́n pọ́n ọn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n dì í padà. Èyí tó jáde lẹ́yìn náà gún ní ẹ̀gbẹ́ bí ilá tí wọ́n fi ọ̀bẹ rẹ́.

Wọ́n ti fi ọ̀rá dúdú tẹ́ ògiri kòtò, etí rẹ̀ sì wọ́ jáde sí ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Bárò kan dà sínú rẹ̀, bárò kejì tẹ̀ lé e. Ìpele kan kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Gende méjì tí wọ́n ti fọ bàtà rọ́bà wọn wọlé, etí ògiri ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀, gìgísẹ̀ tẹ̀ lé gìgísẹ̀, wọ́n ń yí kòtò náà po bọ̀ láàárín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí dúrọ́ọ̀mù lítà 200 tí wọ́n rọ omi kún lé e lórí, lọ àti bọ̀. Ní àwọn oko ńláńlá, irú èyí tí iléeṣẹ́ Promasidor àti ìjọba Èkìtì jọ ń ṣe ní Ìkún-Èkìtì, ní Mọ̀bà, katakata lè ṣe iṣẹ́ dúrọ́ọ̀mù yìí. Níbí, ojúgun ló ń ṣe é. Kí wọ́n tó da ìpele mìíràn, Bàbá Tíṣà á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á rìn ín já. Níbi tí ẹsẹ̀ bá ti wọlẹ̀ ju àtẹ́lẹsẹ̀ lọ, wọn kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n á kàn dúró síbẹ̀, àwọn ọmọ á sì yí dúrọ́ọ̀mù padà wá.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, àgbàdo ti yọ lójú ilẹ̀. Wọn kò dúró. Wọ́n ń dà á lọ títí ó fi ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, wọ́n fi réèkì fá a, ó wá rí bí ebè gígùn, tí òjò kò fi ní ríbi dúró sí lórí rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tí mo tìtorí ẹ̀ wá gan-an bẹ̀rẹ̀. Bàbá Tíṣà bọ́ aago ọwọ́ wọn. Wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ kúrò lápò, wọ́n bọ́ bàtà. Àwọn gende mẹ́rin di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀rá ńlá tí wọ́n máa fi bo òkè mú, wọ́n gbé e sókè orí, Bàbá Tíṣà sì wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wo òkè. Mo bá wọn wọ ibẹ̀. Òkùnkùn ni. Nínú òkùnkùn náà, mo rí ìmọ́lẹ̀ kan, ó kéré bí ìràwọ̀ òru. Lẹ́yìn náà mo rí ìkejì. Bàbá Tíṣà rí ìkẹta, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ká a sí nílé ìtajà. Wọ́n fi ìka dí i mú láti ìsàlẹ̀, ọmọ kan sì lẹ téèpù mọ́ ọn láti òkè. Wọ́n lẹ òmíràn mọ́ inú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn etí ọ̀rá tó wọ́ jáde lára ògiri ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọlé, ọ̀tún bo òsì, bí ewé ṣe ń bo ẹ̀kọ. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rá ńlá. Abala méjì ni: wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ èyí tó wà níhà ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tó dagun, èyí tó wà lókè wá gorí rẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan, bí páànù òrùlé ṣe ń gun ara wọn, kí omi lè ṣàn kọjá láìrí ẹnu wọlé. Bàbá Tíṣà kúnlẹ̀. Wọ́n fi apá, láti ìgúnpá dé ọwọ́, tẹ orí ebè náà, wọ́n sì ń fà á bọ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo rí afẹ́fẹ́ tó ń sá níwájú apá wọn lábẹ́ ọ̀rá, ó ń wú, ó ń lọ, títí ó fi tú jáde ní etí pẹ̀lú ìró kékeré bí èémí ọmọ. Wọ́n padà sókè, wọ́n sún ìwọ̀n ọwọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n tún fà á. Wọn kò fo ibì kankan. Ní ẹ̀gbẹ́ kan níhà ìwọ̀ oòrùn, ọ̀rá náà ṣẹ́po. Wọ́n tú u, wọ́n tún un ká. Wọ́n wò ó, wọ́n tún tú u.

Yàrà kékeré kan yí kòtò náà ká. Etí ọ̀rá sọ̀ sínú rẹ̀, ó sì tún yọ lódì kejì. Amọ̀ tútù ni wọ́n ń kó lé e, ẹ̀kúnwọ́ lẹ́yìn ẹ̀kúnwọ́, wọ́n ń ṣa òkúta kúrò, wọ́n ń fi ìdí ọkọ́ gún un. Iyanrìn gbígbẹ kò ṣe é lò, torí afẹ́fẹ́ á máa gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n to àpò yanrìn sórí ibi tí abala méjì ti pàdé, wọ́n sì to ògbólógbòó táyà sórí yòókù, ẹnu táyà kan ń kan ti èkejì. Odindi táyà ni. Èyí tí wọ́n bá gé máa ń yọ wáyà, wáyà sì máa ń ya ọ̀rá. Wọ́n ti lu ìdí táyà kọ̀ọ̀kan jo, kí omi má bàa dúró níbẹ̀ fún ẹ̀fọn. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí àgbẹ̀ kan ń kọjá lójú ọ̀nà, ó ké sí wa pé, "Ẹ kú uṣẹ́ o!" Bàbá Tíṣà dáhùn láìgbójú sókè.

Mo padà lọ ní ọjọ́ kẹta. Ọ̀rá náà ti wú bí ikùn aboyún, táyà méjì sì ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀kan lára àwọn gende ti mú ìṣó wá, ó ní òun fẹ́ lu ú kó lè mí. Bàbá Tíṣà gba ìṣó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi sápò. Gáàsì tí àgbàdo ń tú jáde ló gbé e sókè. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, afẹ́fẹ́ náà kò rí ọ̀nà wọlé nìyẹn. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé ká má sún mọ́ ọn jù, torí òmíràn wà nínú gáàsì yìí tó wúwo ju afẹ́fẹ́, tó ń dúró níbi tó bá rẹlẹ̀, tó sì lè pa èèyàn. Wọ́n tún táyà méjèèjì tò, wọ́n wá gbé ìgò omi, wọ́n ń rìn yí yàrà náà po. Níbi tí amọ̀ bá ti sán, wọ́n á ta omi sí i, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rá náà ti sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ebè náà típẹ́típẹ́.

Oṣù kìíní ni wọ́n ṣí i. Ọyẹ́ ti gba gbogbo ojú ọ̀nà Ìlawẹ̀. Ìpẹ̀kun kan péré ni wọ́n ká ọ̀rá rẹ̀ sókè, kò fẹ̀ ju ìgbésẹ̀ kan lọ, gbogbo wa sì dúró níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Òórùn náà dé: ògì ọjọ́ kẹta ni. Àwọ̀ àgbàdo náà ti kúrò ní ewé tútù, ó ti di àwọ̀ ẹ̀fọ́ bíbọ̀. Bàbá Tíṣà tẹ ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ìhà ìwọ̀ oòrùn, èyí tí wọ́n tú lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ́. Àmọ́ lábẹ́ ibi tí abala ọ̀rá méjì ti pàdé, ibi tí wọn kò fura sí, ibì kan ti bu, ó funfun, ó sì gbóná díẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀, wọn kò jẹ́ kó kan ti màlúù. Wọ́n wá to ìka wọn sójú ihò tó kù, wọ́n fi wọn jíjìn rẹ̀.

"Ìka mẹ́rin," ni wọ́n wí. "Ìka méje ni ti èṣí."

Bárò méjì ni wọ́n bù lọ́jọ́ náà. Wọ́n fa ọ̀rá padà bò ó, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì fi apá fà á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.