Ohùn àti Olóhùn nínú Pọ́díkáàsì Mẹ́ta

Láti ọdún 2004 tí Ben Hammersley ti lo orúkọ náà nínú ìwé ìròyìn The Guardian, kókó ọ̀rọ̀ ni a sábà máa ń fi díwọ̀n pọ́díkáàsì. Òṣùwọ̀n yìí kò tó, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó dùn ún kà lè tẹ́ létí. Bí a bá tẹ́tí sí iṣẹ́ mẹ́ta láti Amẹ́ríkà, Radiolab, Serial àti S-Town, ohun mẹ́ta ni yóò hàn: ipò tí a fi olùgbọ́ sí, bí atọ́kùn ṣe jẹ́wọ́ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ, àti gbèsè tí ó jẹ olóhùn.

Ẹ̀kọ́ ìhun orin ni Jad Abumrad, olùdásílẹ̀ Radiolab, kọ́. Nígbà tí Robert Krulwich wà níbẹ̀, ohùn àwọn méjèèjì máa ń wọnú ara wọn; bí ọ̀kan bá ń ṣàlàyé, èkejì a máa béèrè ohun tí òpè ìbá béèrè. Nínú àlọ́, "Ààlọ́ o!" kò pé títí àwọn ọmọ yóò fi dáhùn pé "Ààlọ̀!" Olùgbọ́ pọ́díkáàsì kò sí níbẹ̀ láti dáhùn, Krulwich ni ó ń bá a gbè é. Àbùkù ibẹ̀ ni pé nígbà mìíràn, àrà tí wọ́n ń fi ìró dá a máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí ìlù bo akọrin.

Serial, abala 12 tí Sarah Koenig tọ́kùn rẹ̀ ní ọdún 2014, ni pọ́díkáàsì àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Peabody. Ó tú ẹjọ́ Adnan Syed yẹ̀ wò, ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ní ọdún 2000 fún ikú Hae Min Lee ní Baltimore. Koenig ṣì ń ṣe ìwádìí lọ́wọ́ bí abala ti ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì fi iyèméjì rẹ̀ pamọ́. Ìjẹ́wọ́ yìí ni agbára iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n a gbọ́ Syed fúnra rẹ̀ lórí fóònù láti ẹ̀wọ̀n. Ohùn ẹlòmíràn ni a fi gbọ́ ìwé tí olóògbé náà kọ.

Ìṣòro yìí le jù nínú S-Town (2017). Brian Reed hun ìtàn John B. McLemore, alágọ̀ọ́ ará Alabama, ní orí méje bí ìwé ìtàn àròsọ, ẹwà rẹ̀ kò sì ṣeé jiyàn. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí McLemore ti kú, Reed tú àṣírí kan tí olóògbé náà kò fẹ́ kí ó gbà sílẹ̀. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Níhìn-ín, ẹyin ẹlòmíràn ni ó bọ́ lọ́wọ́ atọ́kùn.

Adébóyè Babalọlá ti fi hàn pé nínú ìṣeré ìjálá, oníjàálá mìíràn lè dá ẹni tí ó ṣìsọ dúró lójú agbo. Pọ́díkáàsì kò ní agbo bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe é, ìbáà jẹ́ ní èdè Yorùbá, ní láti gbé agbo náà sínú ara rẹ̀: kí ó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé olóhùn jókòó láàrin àwọn olùgbọ́, tí ó sì lè sọ pé, "N kò wí bẹ́ẹ̀."