Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nílẹ̀ẹ́lẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ikọ̀ obìnrin Ọsirélíà àti ti New Zealand pàdé níbi ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé rugby league tó wáyé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2022. Nílùú York, Ọsirélíà fi 10 sí 8 borí. Nígbà tó di àṣekágbá ní Old Trafford, wọ́n fi 54 sí 4 na New Zealand. 54 yẹn ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Èmi ò kóyán rẹ̀ kéré, àmọ́ 10 sí 8 ni mo kà sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọ̀gá.

Nínú rugby league, èèyàn mẹ́tàlá ló ń ṣeré fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti dá ikọ̀ tó gbé bọ́ọ̀lù dúró lẹ́ẹ̀mẹfà, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Nínú gídígbò, bí ẹ̀yìn èèyàn bá ti kanlẹ̀, ìjà parí. Níbí, ìgbà tí wọ́n bá gbé obìnrin tó mú bọ́ọ̀lù dání ṣánlẹ̀ gan-an niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dìde, kó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, kó fẹsẹ̀ yí i sẹ́yìn fún ẹnìkejì rẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ dè é. Àwọn adènà, àyàfi àwọn tó wà nídìí bọ́ọ̀lù, gbọ́dọ̀ ti sún sẹ́yìn ní mítà 10. Bó bá tètè dìde, bọ́ọ̀lù á ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fà sẹ́yìn. Bó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á ti tò, wọ́n á sì jọ ya bo ẹni tó bá gbà á.

Ìdí nìyẹn tí dídì-mú fi jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹnì kan á ki èjìká bọ itan ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Ẹnìkejì á rọ̀ mọ́ ọn lókè, á ká bọ́ọ̀lù mọ́ ọn láyà kó má baà rí i jù sí ẹlòmíì. Wọ́n á wá yí i kó fẹ̀yìn lélẹ̀, torí ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ ní láti kọ́kọ́ yíra padà kó tó dìde. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni wọ́n jèrè, ó sì tó. Bí wọ́n bá ṣì dì í mú lẹ́yìn tó yẹ kí wọ́n tú u sílẹ̀, rẹfirí á fun fèrè. Ọ̀gá ló mọ ìgbà tó yẹ kóun ṣíwọ́.

Ní ti ẹni tó ń pín bọ́ọ̀lù, ẹ wo Ali Brigginshaw, tó wà nínú ikọ̀ Ọsirélíà tó gba ife náà ní 2013, 2017 àti 2022. Wọn kì í ju bọ́ọ̀lù síwájú nínú eré yìí, nítorí náà ẹni tó máa gbà á gbọ́dọ̀ máa sáré bọ̀ látẹ̀yìn. Ọwọ́ méjèèjì ni ẹni tó ń pín in fi ń gbé e, kí adènà má baà mọ̀ bóyá yóò jù ú, yóò gbá a, tàbí yóò gbé e sáré fúnra rẹ̀. Ìgbà tí adènà bá kọjú sí i tán ló ń tú u sílẹ̀.

Kó tó di pé Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ife yìí, New Zealand ló wà lókè. Àwọn ló gba ife mẹ́ta àkọ́kọ́, ní 2000, 2003 àti 2008, 34 sí òdo ni wọ́n sì fi lu Ọsirélíà nínú àṣekágbá ti 2008.

Ọdún 2022 kan náà ni Bràsíl kọ́kọ́ dé ìdíje yìí. England na wọ́n ní 72 sí 4 nílùú Leeds. Inú mi dùn sí 4 yẹn gidigidi, torí kò sẹ́ni tó fi ta wọ́n lọ́rẹ: ẹnì kan nínú wọn gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà England, ó sì fi í kanlẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ráyè wo ti York yẹn, ẹ gbójú kúrò lára ẹni tó ń sáré. Àwọn méjì tó dà á wó ni kẹ́ ẹ máa wò, kẹ́ ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń dìde sáré padà sórí ìlà láti tún un ṣe.