Mímọ Ọ̀rọ̀ Àdásọ Yàn

Iṣẹ́ ọpọlọ ni kí òṣèré mọ ọ̀rọ̀ àdásọ yàn, ó sì yẹ ká máa yìn ín bí a ti ń yin ohùn tó já gaara. Ẹni tó yàn dáadáa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ kó tó lanu.

Ẹ wo eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970. Ìbínú Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, ló máa ń kọ́kọ́ fa òṣèré mọ́ra, nítorí igbe àti àṣẹ kò ṣòro láti fi hàn. Òṣèré tó gbọ́n a máa wá ìbànújẹ́ tó wà lábẹ́ ìbínú náà: ọmọ rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀, òun náà sì pàṣẹ pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ bímọ. Ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ ni òǹwòran yóò rí nígbà náà, kì í ṣe ìkà lásán.

Ọ̀rọ̀ àdásọ tó dára máa ń ní ẹni tí à ń bá wí, bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ó ní ohun tí asọ̀rọ̀ ń wá lójú méjèèjì, ó sì ní ibi tí ọkàn rẹ̀ ti yí padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òṣèré, ẹ ka odindi ìwé kí ẹ tó yọ ojú ewé kan nínú rẹ̀. Ẹ kà á sókè, kí ẹ sì yan èyí tó bá ọjọ́ orí àti ohùn yín mu.