Àgò Onílé

Ìyá kan tó ní kóòlù rúùmù ẹja ní Duala, níbí ní Monrovia, ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Ó fẹ́ máa mọ̀ láti orí ibùsùn rẹ̀ bí jẹnẹrétọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ àti bí ibi tí ẹja wà ṣe tutù tó. “Ọmọ mi, mi ò fẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn máa pè mí ṣáá,” ló wí. “Èmi ni kí n máa pè é, kó dá mi lóhùn.”

Ó rọrùn lẹ́nu. Módẹ́ẹ̀mù mọ ìpè í pè. Kí wọ́n pè é, kó gbọ́, kó sì dúró kí n sọ bóyá kó ṣílẹ̀kùn tàbí kó má ṣí i, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi.

AT ló ń ṣáájú àṣẹ tí à ń tẹ̀ sí i. “Tẹ́tí” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Iléeṣẹ́ Hayes ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1981, láyé módẹ́ẹ̀mù orí wáyà tẹlifóònù, a kò sì tíì pa á tì. Lórí ẹ̀rọ Telit, mo máa ń tẹ AT#SL=1,1,5000: jókòó sẹ́nu ọ̀nà 5000, máa retí àlejò. Ó dáhùn OK, ó dákẹ́. Ìgbà tó bá yá, yóò ṣàdédé kọ SRING: 1. Àgò onílé o! Kò tíì ṣílẹ̀kùn. Bí mo bá tẹ AT#SA=1, àgò yà nìyẹn, CONNECT yóò yọ. AT#SH=1 ni mo fi ń lé àlejò padà. Ẹni tí n kò bá kọ adírẹ́sì rẹ̀ sínú AT#FRWL tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ kò ní jẹ́ kí n tilẹ̀ gbọ́ pé ó kanlẹ̀kùn.

Módẹ́ẹ̀mù SIM800 tí owó rẹ̀ kò wọ́n kò mọ ìwà yìí. O tẹ AT+CIPSERVER=1,5000, ẹni tó bá dé ti wọlé; REMOTE IP tó ń kọ, ó kàn ń ròyìn fún ọ pé àlejò ti jókòó ni.

Ohun tó wù mí jù ni bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu àlejò. Lẹ́yìn CONNECT, gbogbo ohun tí o bá tẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Bí o bá fẹ́ bá módẹ́ẹ̀mù fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, wà láìtẹ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹ +++, kí o tún dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn wà lára àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ kò ní sùúrù rẹ̀.

Ilẹ̀kùn Ìyá ẹlẹ́ja ti wà, ọ̀nà ni kò dé ibẹ̀. Adírẹ́sì tí SIM gbà fi 10 bẹ̀rẹ̀, adírẹ́sì inú agbolé ni. Ẹni tó wà nínú lè jáde, ará ìta kò lè wọlé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi kanlẹ̀kùn. Mo bínú títí mo fi rántí ìparí 2016, nígbà tí Daniel Kaye, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà tí ẹnu ọ̀nà wọn ṣí sílẹ̀ sóde, tó fi wọ́n bo iléeṣẹ́ tẹlifóònù Lonestar mọ́lẹ̀ níhìn-ín ní Liberia. Ẹnì kan nínú iléeṣẹ́ tó ń bá Lonestar du oníbàárà ló háyà rẹ̀. Oṣù 32 ni ilé ẹjọ́ London sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 2019. Ọ̀nà tí kò dé ilẹ̀kùn wa yẹn náà ni kò jẹ́ kí irú rẹ̀ rí wa kó.

Fíláàṣì ló yọ mí. Ìyá yóò fi fóònù rẹ̀ fíláàṣì módẹ́ẹ̀mù; RING yóò yọ, +CLIP yóò gbé nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ tirẹ̀, ATH yóò gé ìpè náà, ẹ̀rọ yóò wá gba inú jáde lọ fi iṣẹ́ jẹ́ sórí sáfà mi, kí Ìyá kà á níbẹ̀. Kọ́bọ̀ kò jáde lórí ìpè náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbìyànjú rẹ̀, aago méjì òru ni, ó sì jí mi: “Ó dá mi lóhùn o! Ó ní ìwọ̀n 18 lábẹ́ òdo!”

Síbẹ̀, SRING ṣì ń wù mí í rí. Bí òjò July bá sé wa mọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń to módẹ́ẹ̀mù méjì tí SIM wọn wà lágbolé kan náà sórí tábìlì, kí ọ̀kan máa kanlẹ̀kùn èkejì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí SRING ṣe yọ, ọmọ iṣẹ́ mi ti na ọwọ́ sí AT#SA.

“Ta ló dé?” ni mo bi í.

“Ọ̀gá, módẹ́ẹ̀mù wa kejì ni.”

“Báwo lo ṣe mọ̀?”

Ó gbé ọwọ́ kúrò.