Ìwé kì í rú èéfín

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́: bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ oúnjẹ sí Òkè-Àdó lónìí, gíláàsì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n á kọ́kọ́ rò. Tí NEPA bá wá mú iná lọ ńkọ́? Ta ló máa lè rokà nínú ooru yẹn?

Maxwell Fry àti Jane Drew ló ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1948. Ògiri ilé-ìkàwé ibẹ̀ ní ihò lára: atẹ́gùn ń wọlé, oòrùn ò ráyè. A kan sáárá sí wọn. Àmọ́ ìwé kì í rú èéfín, ààrò ló ń rú u. Àwọn ìyá wa ti mọ̀ tipẹ́, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń dáná sí.

Nítorí náà, àgbàlá ni kí wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà yí ká. Kí òrùlé yọ síta dáadáa nítorí òjò, kí ọlọ, odó, ìjábẹ̀ àti ọmọrogùn ní àyè tiwọn. Bí wọn ò bá ní, akẹ́kọ̀ọ́ á gbà pé ọbẹ̀ ìyá òun kì í ṣe ẹ̀kọ́. Èyí ló ń dùn wá ju ooru lọ.