Ẹrú Aláìlórúkọ Orí Òǹtẹ̀ Kọ́bọ̀ Kan: Àyẹ̀wò Òǹtẹ̀ Ìrántí ti Sàró, 1933

Àwọn kan a máa rò pé òǹtẹ̀ lẹ́tà, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sítáǹpù, kò ju bébà kékeré tí a fi ń san owó ìfìwéránṣẹ́ lọ. Àwa kò bá wọn rò bẹ́ẹ̀. Ìjọba tí ó bá tẹ òǹtẹ̀ ìrántí jáde ti yan ohun tí ó fẹ́ kí ará ìlú rántí, ó sì ti fi iye owó sí i lára. Nítorí náà ó yẹ kí a kà á bí a ti ń ka ìwé ìtàn.

Àwọn tí a mú yẹ̀ wò níhìn-ín ni òǹtẹ̀ 13 tí ìjọba Sàró gbé jáde ní oṣù October, 1933, láti rántí pé ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí William Wilberforce kú, tí a sì ṣe òfin tí ó fi òpin sí oko-ẹrú ní àwọn ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Fáda F. Welch, àlùfáà Ìjọ Àgùdà, ni ó ya àwòrán wọn. Sàró kì í sì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí wa. Níbẹ̀ ni a ti sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ẹrú, tí a ń pè wọ́n ní Akú. Láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń padà wá sí Bàdágìrì, Èkó àti Abẹ́òkúta láti nǹkan bí ọdún 1839.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà dára. A kò ní fi ìyìn rẹ̀ du ẹni tí ó ṣe é. Erin wà níbẹ̀, ọkọ̀ àwọn ará Bullom wà níbẹ̀, ẹni tí ń ta èso wà níbẹ̀, èbúté Freetown sì wà lórí ti pọ́n-ùn kan. Wọ́n dùn ún wò, ṣùgbọ́n kí ni erin ní í ṣe pẹ̀lú Wilberforce? Mẹ́ta péré ni ó kan ọ̀ràn ẹrú gan-an: ti kọ́bọ̀ kan, níbi tí ẹrú kan ti ń já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rẹ̀ dànù, ti kọ́bọ̀ méjì, ọjà ẹrú àtijọ́ ní Freetown, àti ti ṣílè méjì, Erékùṣù Bunce.

Ní Erékùṣù Bunce ni àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kọ́ odi sí ní nǹkan bí ọdún 1670, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ kó ẹrú lọ sí òkè òkun, títí kan àwọn oko ìrẹsì South Carolina àti Georgia, títí òfin 1807 fi dí wọn lọ́wọ́. Ọ̀nà ibẹ̀ kọ́ ni a gbà kó àwọn baba wa. Síbẹ̀ a yin ìjọba náà pé ó jẹ́ kí àwòrán yìí jáde, nítorí ó jẹ́wọ́ pé kí Gẹ̀ẹ́sì tó di olùdáǹdè, oníṣòwò ẹrú ni. Ṣùgbọ́n ta ni í fi òǹtẹ̀ ṣílè méjì kọ̀wé sí ìyá rẹ̀? Ìjẹ́wọ́ wà lórí èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní fọwọ́ kàn láé. Ìdáǹdè wà lórí ti kọ́bọ̀ kan.

Ti kọ́bọ̀ kan yìí ni ó mú wa ronú jù. Ẹni tí ń já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà kò ní orúkọ, kò ní ìlú. Ẹni tí ó bá sì wo ọdún tí a ń rántí yóò rò pé ní 1833 ni ó di òmìnira. Àṣìṣe ńlá ni èyí ní ti àwọn ènìyàn wa. Òfin 1833, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní August 1, 1834, àwọn ẹrú oko ìrèké ní erékùṣù West Indies ni ó kàn jù. Ó fi ogún mílíọ̀nù pọ́n-ùn tu àwọn olówó ẹrú nínú, kò sì fún ẹrú ní eépìnnì. Òfin 1807 tí ó ka òwò ẹrú léèwọ̀, àti àwọn ọkọ̀ ogun tí ń ṣọ́ òkun, ni ó dá àwọn ará wa ti Sàró nídè. Ní 1821 ni a kó Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, lẹ́rú. Ní April 7, 1822, ọkọ̀ ogun Myrmidon gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ àwọn Potogí. Nígbà tí Wilberforce kú, Àjàyí ti wà lómìnira fún ọdún 11. Ó ti gba ìrìbọmi, a ti ń pè é ní Samuel Crowther, ó sì ti kàwé ní Fourah Bay.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé a fi ẹrú náà sílẹ̀ láìlórúkọ kí ó lè dúró fún gbogbo ẹrú, a gbà pé ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n òtítọ́. Níbòmíràn ìbá tọ́. Ṣùgbọ́n ní Freetown gan-an ni ìjọba ti ń kọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ sínú ìwé: orúkọ wọn, ọjọ́ orí wọn, gíga wọn, àní àmì ara wọn. Orúkọ kò wọ́n ní Sàró.

Ní ilé wa ńkọ́? Òǹtẹ̀ ìrántí Nàìjíríà ti 1935 gbé ààfin Windsor jáde, ti 1946 gbé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti Lọ́ńdọ̀nù. A kò ní pẹ́ lórí ìwọ̀nyẹn. Ní October 1, 1964, nígbà tí Nàìjíríà pé ọdún kan tí kò ti sí lábẹ́ ọba mọ́, mẹ́ta ni ó jáde: ti Ààrẹ Azikiwe, ti Herbert Macaulay ní ṣílè kan àti tọ́rọ́, àti ti Jájá ọba Òpóbò ní ṣílè méjì àti sísì. A ta Jájá lẹ́rú ní kékeré. Macaulay ní tirẹ̀, ọmọ Àbígáẹ́lì ni, Àbígáẹ́lì sì jẹ́ ọmọ Crowther. Nínú ojú mẹ́ta, ọ̀kan ti ṣe ẹrú rí, èkejì sì jẹ́ ọmọ-ọmọ ẹni tí ó ti ṣe ẹrú. A sì mọ orúkọ àwọn méjèèjì. Ọdún kan náà, 1864, ni a bí Macaulay, tí a sì fi bàbá ìyá rẹ̀ jẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún gẹ́lẹ́ fún àwọn méjèèjì nígbà tí òǹtẹ̀ náà jáde, ojú ọmọ-ọmọ sì ni a rí lórí rẹ̀.